Cruise control kọ̀, kò di eré mú mọ́: ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ (Leeds):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni cruise control ọkọ̀ mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń di eré ọkọ̀ mú láìfẹsẹ̀ tẹ tọrótù, ti kọ̀ṣẹ́. Mo tẹ bọ́tìnì, iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó di máìlì 70 ní wákàtí kan mú lórí mọ́tòwéè, kò gbọ́. Mẹkáníìkì ní òun á gba £90 kí òun tó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Owó yẹn nira fún mi lóṣù yìí.

Ẹ̀gbọ́n Láyí (Manchester):
Àbúrò mi, má tíì sanwó. Yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, kí o tẹ bíréèkì, kí o sì gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí iná pupa ẹ̀yìn ò bá tàn, tàbí tó kọ̀ tí kò kú, súwíìṣì bíréèkì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ó kéré, òkè ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló wà. Bíréèkì ló máa ń já cruise; bí súwíìṣì bá bàjẹ́, ọkọ̀ á rò pé ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà níbẹ̀. Èmi ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo yí tèmi díẹ̀, ó sì jáde. Má fi falẹ̀ o! Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ ìgbà tí o ń dúró, MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ọdọọdún, náà ò sì ní gbà á. Ṣùgbọ́n bí fèrè ọkọ̀ ò bá dún mọ́, tí iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani nínú jàǹbá) sì tàn, inú sítíárìn ni wàhálà wà. Ìyẹn, fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Ìyá Ìbejì (Bradford):
Ẹ jẹ́ kí n fi ti limiter, èyí tí kì í jẹ́ kí eré kọjá iye tí a fi sí, kún un. Mo fi tèmi sí 50 níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà lórí M62, mo fọkàn balẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè Pennines, mo wò ó, ó ti di 57! Limiter ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kì í tẹ bíréèkì fúnni. Bí ẹ bá sì tẹ tọrótù mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Owó ìtanràn £100 àti pọ́íntì ìjìyà 3 lórí láísẹ́ǹsì ló kéré jù tí wọ́n bá mú èèyàn pé ó sáré jù. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ni. Bí pọ́íntì rẹ̀ bá pé 6 láàárín ọdún 2, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà padà. Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo ẹ̀ sí i létí lójoojúmọ́.

Àdùkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò." Mo ti gbé e kúrò tipẹ́. Mo ti ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára súwíìṣì náà, mo ń lọ ra á lárọ̀ ọ̀la.