Ẹ gbà mí o, Bingo ò jẹun

Màmá Bingo: Ẹ káàsán ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ajá yìí ti sú mi. Mo ra oúnjẹ ajá oníbáàgì, owó ẹ̀ ò ṣeé sọ létí bàbá àwọn ọmọ mi, Bingo kàn gbóòórùn ẹ̀ ló bá kẹ̀yìn sí i. Mo se ìrẹsì pẹ̀lú ṣàwá, ó ṣa ṣàwá jẹ ó fi ìrẹsì sílẹ̀. Súyà nìkan ló mọ̀. Ìyá ọkọ mi wá ń sọ pé èmi ni mo kẹ́ ẹ bàjẹ́, pé láyé tiwọn èèpo iṣu lajá ń jẹ. Ṣé ajá wọn là ń sọ ni? Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo lè sè fún un?

Àdùkẹ́: Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ má sè nǹkan kan. Gbé oúnjẹ kalẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ìṣẹ́jú 15 tí ò jẹ, gbé e kúrò, ó di alẹ́. Kò sí pé ọmọdé ń ju búrẹ́dì sí i láàárín. Ebi á là á lójú.

Ìyá Ìbejì: Ajá bàbá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló ń jẹ títí ó fi darúgbó, ó tún lé olè lọ́jọ́ ọdún iléyá, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀gúsí.

Ọmọ Ọdẹ: Ọbẹ̀ alálùbọ́sà kẹ̀? Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ mà, ì báà jẹ́ sísè.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi òyìnbó yín sílẹ̀ jàre.

Fẹ́mi: Oníbáàgì yẹn, ẹ má yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi díẹ̀ pò mọ́ èyí tó mọ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un fún ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ lè wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i kó ta sánsán. Ẹ má fi magí sí i o.

Màmá Bingo: Ọmọ Ọdẹ, mi ò lè febi pa á. Mo sì máa ń ṣa àlùbọ́sà kúrò lára súyà.

Àdùkẹ́: Màmá Bingo, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Màmá Bingo: Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀ gbogbo nǹkan ló ń jẹ, títí kan ẹ̀bà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, àná súyà gan-an ló fi sílẹ̀, ó kàn ń sùn. Ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bíi zobo, mo rò pé oòrùn ni. Eégbọn wà létí ẹ̀, ṣùgbọ́n ajá wo ni ò ní eégbọn?

Àdùkẹ́: Ha! Èyí kì í ṣe àṣàjẹ o. Eégbọn máa ń kó àìsàn sẹ́jẹ̀ ajá, babesia làwọn dókítà ẹranko ń pè é, ó máa ń pa ajá. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀, ṣé erìgì ẹ̀ ti funfun? Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lónìí. Kẹ́ ẹ sọ ti súyà náà, torí àlùbọ́sà lè fa irú ìtọ̀ yẹn.

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ pa ti ebi tí mo sọ tì. Ẹ gbéra.

Màmá Bingo: Ó funfun o. Èló ni wọ́n ń gbà? Oúnjẹ oníbáàgì yẹn ńkọ́, mo ti já a.

Ìyá Ìbejì: Ẹ tà á fún mi ní ìdajì owó.

Àdùkẹ́: Ìyá Ìbejì!!!

Màmá Bingo: Ọlọ́kadà méjì ti kọ̀, wọ́n láwọn ò gbé ajá.

Fẹ́mi: Kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ pè, ẹ san owó gbogbo ìjókòó.