Èsì: OTP kì í ṣe nọ́ńbà, kọ́kọ́rọ́ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Kàbà. Ọ̀kun o!

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí láì dá sí i, torí àwọn tó mọ gírámà jù mí lọ ló ń sọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: a ń wá orúkọ tí a ó máa pe OTP, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì tàbí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni kí ọ̀nà tó ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n dábàá "àmì ìfìdímúlẹ̀ alákòókò-kan". Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn ní ká yé da ara wa láàmú, pé "nọ́ńbà àṣírí" ni ará ọjà ń pe PIN, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń lo káàdì báńkì, kí OTP náà máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò kan ní "nọ́ńbà àlòsọnù". Ẹnìkan sì mú "ọ̀rọ̀ aṣínà" wá, èyí tí àwọn kan ti ń lò fún password.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ẹ̀kan" ni tèmi. Mi ò jókòó sílé ronú kàn án. Ohun tí ojú mi rí ló gbé mi débẹ̀.

Àbúrò ìyá mi kan wà ní Ìjùmú tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Ìyá Kékeré là ń pè wọ́n nílé wa. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń jọ ẹ̀lùbọ́, ìyẹ̀fun bo ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. Fóònù dún. Ọkùnrin kan ní òun ń pè láti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pé ìpàdé máa wà lórí WhatsApp, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n kà á fún òun kí òun lè fi orúkọ wọn sí i. Ó ń kí wọn bí ọmọ rere ṣe ń kí ìyá rẹ̀, èdè wa ló sì ń sọ. Nítorí ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn, wọ́n ké sí ọmọ ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé kó wá ka nọ́ńbà tó wọlé. Ọmọ náà mọ̀wé dáadáa. Ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ẹni tó gbà á má ṣe fi han ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ìyá àgbà ní kó kà, nọ́ńbà náà ló sì kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ketekete, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi pé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni yẹn ti gba WhatsApp mọ́ Ìyá Kékeré lọ́wọ́. Ó kọ̀wé sí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dá àjọ pé ara òun ò yá, kí wọ́n bá òun wá owó, òun á dá a padà lọ́la. Àwọn méjì fi owó ránṣẹ́. Inú owó àjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti mú tirẹ̀. Títí di òní, àwọn méjèèjì kì í jókòó sórí ìjókòó kan náà mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ló dùn mí ju owó lọ.

Mo bi wọ́n pé, "Ìyá Kékeré, kí ló dé tí ẹ fi kà á fún un?" Wọn ò bínú. Wọ́n kàn nawọ́ sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà fóònù wọn ni wọ́n fi ẹfun kọ síbẹ̀, gàdàgbà, kí oníbàárà lè rí i pè. "Nọ́ńbà ló bèèrè," wọ́n ní. "Ta ni mi ò tíì fún ní nọ́ńbà?"

Bí wọ́n ṣe ń nawọ́ yẹn ni mo rí i pé wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ etí ìró wọn, kókó méjì, bí wọ́n ṣe ń so ó láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Ẹ̀gbọ́n, ìdí nìyí tí mo fi ta ko "nọ́ńbà àṣírí". Ẹ wo ohun tí orúkọ "nọ́ńbà" ń gbé kiri lórí lọ́jà wa. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ ẹyọ 11. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2014, jẹ́ 11. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, náà jẹ́ 11. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ 10. PIN káàdì jẹ́ 4, OTP sábà máa ń jẹ́ 6. Gbogbo wọn pátá ni ará ilé ń pè ní nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ìwà wọn ò jọra rárá. Nọ́ńbà fóònù, ẹfun ni a fi ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà àkáǹtì, à ń fún ẹni tó fẹ́ sanwó fún wa. BVN àti NIN, ibi tí a ti ń bèèrè wọn lọ́nà òfin wà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ ní gbangba. PIN àti OTP, kò sí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa láéláé, kódà kó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì. Bí a bá wá sọ "àṣírí" mọ́ nọ́ńbà nídìí, nọ́ńbà ṣì ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ kò sì ní sọ "àṣírí" lórí fóònù. Á gé e kúrò, á ní "nọ́ńbà kan máa wọlé", gbólóhùn rẹ̀ á sì gún régé. Ohun tí mò ń wá ni orúkọ tí kò ní ṣeé gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní "ìyá, kọ́kọ́rọ́ kan máa wọlé sọ́wọ́ yín, ẹ mú un fún mi" ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. "Àmì ìfìdímúlẹ̀ alákòókò-kan" péye. Kò sí ohun tó ṣe é nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, lójú ìpè fóònù ni wọ́n máa lò ó, nígbà tí ẹnìkan ń kán èèyàn lójú, tí ọbẹ̀ wà lórí iná. Orúkọ tí èèyàn gbọ́dọ̀ mí sí láàárín kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nírú wákàtí yẹn.

Ti "àlòsọnù", mo fẹ́ràn bó ṣe já geere lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé àbúrò wa ro ó jinlẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó, lẹ́yìn náà ó ti kú. Àmọ́, ta ló ń ṣọ́ ohun tó fẹ́ sọ nù? Bí a bá sọ fún ènìyàn pé ohun kan jẹ́ àlòsọnù, a ti sọ fún un pé kò níye lórí nìyẹn. "Ẹ̀ẹ̀kan" sọ ohun kan náà láìtàbùkù rẹ̀.

Ó wá ku "aṣínà". Ohun tó ṣí ọ̀nà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ dára. Níbi tí ó ti dà mí láàmú ni pé ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń dé sọ́wọ́ wa kò ní àmì ohùn. Bí "oro asina" bá wọlé láìsí àmì, ẹni tó ń kà á lè pè é ní aṣìnà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣi ọ̀nà. Bí mo bá sì fi ẹ̀sùn yìí kan aṣínà, mi ò gbọdọ̀ bo ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n kan ti rán wa létí níbí pé "kokoro" tí kò ní àmì lè di kòkòrò, pàápàá tí a bá gbà láti máa pe virus, ìyẹn ohun tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, ní kòkòrò gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lóṣù tó kọjá. Òtítọ́ ni. Èsì mi ni pé ẹnu àti etí ni ọ̀rọ̀ yìí máa fi rìn kó tó dé ojú ìwé: orí rédíò, ìpàdé àwọn obìnrin, ẹnu ọmọ tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀. Ní etí, kọ́kọ́rọ́ lọ sókè látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kòkòrò sì lọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ̀kan tó máa pè é ní èkejì, yálà Owé ti Kàbà níbí ni, Yàgbà ni, tàbí ará Èkó. Bí ó bá sì di pé a ó yan ọ̀kan, kí virus lọ wá orúkọ mìíràn. "Àrùn" wà nílẹ̀ fún un. Fún password gangan, èyí tí èèyàn fi lẹ́tà kọ lórí kọ̀ǹpútà, mi ò ní bá aṣínà du oyè.

Màmá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀ béèrè ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ṣebí a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé kejì, a máa ń fi í sábẹ́ ẹní, a máa ń rán ọmọ ní kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni a ń fi í sílẹ̀ fún. Bí àlejò tó ń pè lórí fóònù bá ní kí a gbé kọ́kọ́rọ́ wá, "Ta ni ọ́?" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, ìbéèrè yẹn gan-an ni Ìyá Kékeré ò bi ọkùnrin yẹn. Níbi tí Màmá ti borí mi ni ti POS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó lórí káàdì. Mo ti dúró lórí ìlà kan níbí tí bàbá arúgbó kan na káàdì sí ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ, tí wọ́n sì pe PIN wọn sókè bí ẹni ń pe iye owó iṣu. Èèyàn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn wọn. Orúkọ tuntun kò lè wo èyí sàn. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí ọmọ náà kọ ojú ẹ̀rọ sí wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́! Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà 11 láti pe ọmọ ní Àbújá, mẹ́rin kò lè ṣòro fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nípa òfin, torí ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni à ń bá ara wa fà. Nígbà tí a lọ fi ẹjọ́ sùn, wọ́n bi Ìyá Kékeré ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Kékeré ní, "Wọ́n jí nọ́ńbà mi." Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n jí fóònù wọn. Fóònù náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, wọ́n tún un ṣe ní 2024, ó sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó bá sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn kó lè rẹ́ni jẹ. Òfin wà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó máa so wọ́n pọ̀ ni kò sí lẹ́nu ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Ká ní wọ́n lè sọ pé "ó gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́ mi, ó fi wọ WhatsApp mi, ó ń fi orúkọ mi yáwó", ẹni tó ń kọ̀wé ì bá mọ ohun tó yẹ kó kọ. Ẹ má sì ní kí a pe gbogbo rẹ̀ ní 419. Apá 419 yẹn, inú ìwé òfin tí Gúúsù ń lò ló ti wá. Àwa tí a wà lábẹ́ Àríwá látijọ́, Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn ti Àríwá, ni tiwa. Orúkọ náà tàn dé ọ̀dọ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Ti phishing, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí líǹkì ẹ̀tàn tí wọ́n fi ń gba àṣírí ẹni, ní ṣókí: "ìpẹja" kò bá mi lára mu. Ó lè yé ará Lọ́kọ́ja tó wà létí odò, ṣùgbọ́n àárín òkè àti oko ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé níhìn-ín. Ẹ̀bìtì ni mo máa pè é. Òwe wa sọ pé ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn; ẹyìn yẹn ni ohun dídùn tí wọ́n gbé síbẹ̀, òkúta sì wà lókè. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀bìtì, líǹkì ẹ̀bìtì. Ọmọ tó ti dẹ ẹ̀bìtì rí lóko kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Ìyá Kékeré ṣí ìdáàbòbò ìgbésẹ̀ méjì lórí WhatsApp tuntun tí a bá wọn ṣe, èyí tó ń bèèrè PIN oní-mẹ́fà tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn. "Àgádágodo kejì" ni mo pè é fún wọn. Wọ́n ní kí n kọjú sí ọ̀nà míràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé, "Tí báńkì bá tún fi nǹkan mẹ́fà yẹn ránṣẹ́, òun náà ńkọ́?" Mo ní kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣílẹ̀kùn. Wọn ò dáhùn. Wọ́n fọwọ́ kan kókó etí ìró wọn.

Ẹ̀yin Bùnú, ẹ̀yin Ọ̀wọ̀rọ̀, ẹ̀yin Yàgbà tó wà níbí, mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń pe kọ́kọ́rọ́ nílé, àti bóyá àwọn àgbà yín ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un yàtọ̀ sí èyí. A fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan fún ìpàdé àwọn obìnrin ní Mọ̀pà, ojú ewé kan péré, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ó ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá ti dé kó tó di ọjọ́ náà, òun la ó tẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.