Ilé alágbèéká nínú páàkì ní Houston: ṣé kí n rà á láti fi gba ayálégbé?

Bọ̀dé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí ilé alágbèéká kan nínú páàkì (ibi tí èèyàn ti ń ni ilé, àmọ́ tó ń háyà ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀) lápá àríwá Houston: single-wide, ìyẹn ilé tóóró alápá kan, oníyàrá mẹ́ta, ọdún 1989 ni wọ́n ṣe é. $28,000 lẹni tó ni ín ń pè é. Owó ilẹ̀ páàkì jẹ́ $550 lóṣù, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ń lọ ní $1,250 fún ayálégbé. $700 á máa kù sọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Kí ni mi ò tíì rí níbẹ̀?

Ìyá Ìdòwú: Bọ̀dé, ìwé òfin páàkì ni kó o kọ́kọ́ kà, kó o tó wo ilé rárá. Ọ̀pọ̀ páàkì kì í jẹ́ kí ẹni tó ra ilé fi ayálégbé sínú rẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó ni ilé fúnra rẹ̀ ni kó máa gbé inú rẹ̀. Bí máníjà bá ní kò sí wàhálà, ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé máníjà mìíràn dé, ọ̀rọ̀ ẹnu ti dòfo nìyẹn.

$700 yẹn kì í ṣe èrè o. Bí ilé bá ṣófo lóṣù kan, $1,250 ò wọlé, $550 sì ń jáde síbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ń bẹ níwájú, owó orí ilé ń bẹ, àtúnṣe ń bẹ. Sọ fún oní-ìnṣọ́ránsì pé ayálégbé ló máa gbé ibẹ̀. Bó o bá pè é ní ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé, tí iná bá wá jó o, wọ́n lè má san kọ́bọ̀. Owó ilẹ̀ náà kì í dúró sójú kan: ní Texas, kò sí òfin tó ní kí wọ́n má fi kún un bí àdéhùn bá ti parí.

Wálé Káfíńtà: Ẹ wo ara ilé níta, ẹ wá pátákó irin pupa kékeré ti HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ilé tí kò bá ní in lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù kẹfà 1976. Ẹ yàgò fún un. Ti 1989, páìpù omi ló ń kọ mí lóminú. Bó bá jẹ́ páìpù ọ̀rá aláwọ̀ eérú tí wọ́n kọ PB sí lára, polybutylene nìyẹn: chlorine inú omi máa ń jẹ ẹ́ láti inú, á kàn bẹ́ lójijì ni. Ẹ yọ iye tí ẹ máa fi pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú $28,000 yẹn.

Ẹ mú screwdriver dání. Ẹ fi gún ilẹ̀ ilé nídìí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, nídìí tánkì omi gbígbóná àti lábẹ́ fèrèsé. Particle board, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, ló pọ̀ jù nínú ilé ìgbà yẹn. Bí omi bá ti kàn án, á wú, á sì rà. Lẹ́yìn náà, ẹ rá wọ abẹ́ ilé: bí ọ̀rá dúdú ibẹ̀ bá ti ya tí òwú sì ń rọ̀ wálẹ̀, omi ti ń jò pẹ́. Ilẹ̀kùn tí kì í pa dé? Ilẹ̀ amọ̀ Houston máa ń wú lásìkò òjò, á sún kì bí ọ̀dá bá dé, àwọn búlọ́ọ̀kù abẹ́ ilé á sì rì.

Rónkẹ́ T.: Ẹ má sanwó láìrí Statement of Ownership, ìwé tó ń fi ẹni tó ni ilé hàn. TDHCA, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ló ń fún èèyàn. Ẹ fi nọ́ńbà ara pátákó HUD wá ilé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ ó rí bóyá gbèsè owó orí wà lórí ilé náà. Ilé ni gbèsè ọ̀hún ń tẹ̀ lé.

Bọ̀dé: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé gbogbo yín. Bí páàkì bá kọ̀ jálẹ̀, ṣé mo lè gbé e lọ sórí ilẹ̀ tèmi?

Wálé Káfíńtà: Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là nìyẹn, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló sì lè gbé e kalẹ̀. Ẹ máa gbẹ́ sọ́kà-wéè, ẹ máa fa iná àti omi. Fún ilé 1989? Ẹ kúkú wá èyí tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀.