Ẹ gbà mí o: ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ oògùn yìí ti sú mi

Ẹ̀yin àgbà onímọ̀ kẹ́mísírì, ẹ jọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yaba, beta-lactamase, ẹ́ńsáìmù tí bakitéríà fi ń gé amoxicillin (oògùn apakòkòrò) kó tó ṣiṣẹ́, ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Irú rẹ̀ tó ń lo serine (ọ̀kan nínú àwọn amino acid tó para pọ̀ di ẹ́ńsáìmù) ò fi bẹ́ẹ̀ le, clavulanic acid, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ amoxicillin, máa ń dí púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu. NDM-1, irú beta-lactamase mìíràn, gan-an ni wàhálà mi: átọ́ọ̀mù zinc méjì ló fi ń ṣiṣẹ́, apá avibactam (oògùn mìíràn tó ń dí beta-lactamase lẹ́nu) pàápàá ò ká a. Mo ń ya mólékù tó ní thiol (sulfur tó so mọ́ hydrogen) lórí kọ̀ǹpútà (bí iná bá wà o!) kó lè gbá zinc yẹn mú. Àmọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù kan nínú ara tiwa náà ń lo zinc. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní kọ lu tiwa? Ta ló ti gbìyànjú rẹ̀ rí?