Ẹ wá sọ ìrírí yín: oúnjẹ Íńdíà tí kò ní ẹran, ẹyin tàbí wàrà, ní ìdáná tiwa

Ìyá Ìbejì, Leicester

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí oníkálukú sọ bó ṣe ń sè é nílé rẹ̀. Tèmi rèé.

Táíwò mi ló ti yunifásítì dé tó ní òun ti di vegan. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin, kì í mu wàrà, oyin pàápàá kì í lá a. Kẹ́yìndé ní tiẹ̀ ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìrẹsì funfun àti ẹ̀wà ni Táíwò wá ń jẹ ṣáá, ó sì ń rù lójú mi. Obẹ̀ wa tí mo bá yọ ẹran, pańla àti edé kúrò nínú rẹ̀, kì í lọ sí ibi tí mo fẹ́ kó lọ. Ó ń dùn mí gan-an, torí kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí n rí ọmọ mi kó tọrọ ẹ̀kún àwo.

Ọlọ́run bá mi ṣe é, àwọn ará Gùjárátì, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ló ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Màmá àgbà ibẹ̀, Ba ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí Idi Amin, olórí Ùgáńdà nígbà náà, lé àwọn ará Éṣíà bíi tiwọn kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1972, tó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn láàárín ọjọ́ 90. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bọ́ sí Leicester níbí. Ọwọ́ wọn ni Belgrave Road ti di ibi tí ẹ ó ti rí ẹ̀wà oríṣiríṣi, ewé tútù, wúrà àti aṣọ sari ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ba ò fi ẹran kan ẹnu rí láyé wọn. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ohun tí ọmọ mi lè jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbé àpótí sún mọ́ ìdí iná.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ di vegan: ẹni tí kì í jẹ ẹran ní Íńdíà ń jẹ wàrà dáadáa. Láti 1970 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan tó so àwọn àgbẹ̀ tó ní màlúù kan, ẹfọ̀n méjì, pọ̀ mọ́ ọjà ìlú ńláńlá. Nígbà tó fi máa di 1998, wàrà tí wọ́n ń fún ní Íńdíà ti ju ti Amẹ́ríkà lọ, títí di òní kò sì sí orílẹ̀-èdè tó bá wọn dé ibẹ̀. Nítorí náà, ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́, wọ́n á fi pa búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, wọ́n á dà á sórí ìrẹsì. Wàrà kíkan á wọ inú obẹ̀, wàrà dídì tí wọ́n ń pè ní paneer á wọ inú ẹ̀fọ́. Ẹ lè ra ẹ̀wà ní ilé oúnjẹ kó jẹ́ pé ghee ni wọ́n fi parí rẹ̀, ojú ò sì ní rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé nílé ni kí a ti máa sè é.

Ba fi ghee wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí Táíwò, wọ́n mú òróró ẹ̀pà. Ó yà mí lẹ́nu, wọ́n ní òróró tí ìyá wọn ń lò gan-an nìyẹn, pé kò sí ibi tí ẹ̀pà pọ̀ tó ti Gùjárátì ní gbogbo Íńdíà.

Dal, ìyẹn ẹ̀wà lílà, la kọ́kọ́ sè, èyí tí wọ́n ń pè ní toor. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ọ̀yọ́, òtìlì ni o! Wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n là á sí méjì, ó wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Íńdíà ni òtìlì ti ṣẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀wà funfun tiwa náà, láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn, láyé àtijọ́. Mo rí i lórí igbá ní Belgrave, ara mi yá.

Kọ́ọ̀pù òtìlì kan, kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa torí wọ́n máa ń fi òróró ra òmíràn kó má baà ní kòkòrò. Ẹ sè é kó rọ̀ pátápátá, ẹ lù ú kó dàpọ̀ mọ́ omi rẹ̀. Tòmátì, ata ilẹ̀ tútù, ata tútù, ẹ̀pà díẹ̀, iyọ̀, ṣúgà pupa tí wọ́n fi omi ìrèké sè, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó máa dùn, ó sì máa kan díẹ̀, bí àwọn ará Gùjárátì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo èyí ò tíì ní òórùn kankan. Ohun tó kàn, tí wọ́n ń pè ní vaghar, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ẹ gbé páànù kékeré kaná. Ẹ da òróró ẹ̀pà bíi ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Ẹ ju hóró músítádì kan péré sínú rẹ̀. Bó bá jókòó jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀, epo ò tíì gbóná. Bó bá ta, ẹ da ìyókù sí i, ẹ fi ọmọrí bò ó díẹ̀. Tí kò bá ta, kíkorò ni yóò korò. Tó bá sì jóná, yóò tún korò. Bí ìró rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, ẹ da kúmínì sí i, yóò yí àwọ̀ lójú ẹsẹ̀. Hing, ìyẹn oje ewéko tó gbẹ tí wọ́n lọ̀, kó tó orí ọ̀bẹ, ata gbígbẹ kan tàbí méjì, ewé kọ́rì tí ẹ ti nù gbẹ, torí omi ara rẹ̀ lè mú kí epo ta sí yín lójú. Ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀ ló máa ń kẹ́yìn, torí kì í pẹ́ jóná. Ẹ da gbogbo rẹ̀ lé òtìlì lórí, yóò dún ṣàà! Ẹ dé ìkòkò kíá kí òórùn náà lè wọnú rẹ̀.

Ba ní òórùn èròjà wọ̀nyí kì í jáde sínú omi, inú epo ló ń jáde sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé kì í ṣe ẹran ló ń gbé obẹ̀ ró. Epo tó gbóná dé ìwọ̀n ni, àti pé kí ohun kọ̀ọ̀kan wọ inú rẹ̀ nígbà tirẹ̀. Wọn kì í fi àlùbọ́sà tàbí aáyù sí obẹ̀ nítorí ẹ̀sìn wọn, síbẹ̀ Kẹ́yìndé tó ń jẹ ẹran gba obẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ilá tún wà o. Àwa ń fẹ́ kó yọ̀, àwọn ò fẹ́ kó yọ̀ rárá. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ nù ún níkọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Páànù fífẹ̀, wọn ò ní dé e, wọn ò ní rò ó púpọ̀, iyọ̀ á dẹ̀yìn. Ó máa ń gbẹ, etí rẹ̀ á pọ́n. Táíwò ń fi jẹ ìrẹsì, mo sì ti fi jẹ ẹ̀bà, kò sí ẹni tó mú mi.

Alásè Ìlúpéjú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ epo tí ẹ sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Èmi ń dáná fún ìdílé ará Tamil kan, ìyẹn ará gúúsù Íńdíà, ní Ìlúpéjú, l'Ékòó níbí, ibi tí àwọn ará Íńdíà pọ̀ sí. Ìyá ilé ló kọ́ mi. Nígbà tí dókítà ní kí ìyàwó mi yé mu wàrà, oúnjẹ wọn ni mo gbé lọ sílé, torí ti apá gúúsù Íńdíà, agbọn àti àjàgbọn ni wọ́n sábà ń lò níbi tí àwọn ará àríwá ti ń lo wàrà. Kò sí ohun tí mo ní láti yọ.

Dosa, ìyẹn oúnjẹ pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń yan lórí páànù, rèé, ẹ bá mi gbọ́ ọ dáadáa. Kọ́ọ̀pù ìrẹsì mẹ́ta, urad kan, ìyẹn ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí inú rẹ̀ funfun, àti ṣíbí tíì kan hóró methi (fenugreek). Ẹ rẹ ìrẹsì lọ́tọ̀, ẹ rẹ urad àti methi pọ̀, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Urad ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, pẹ̀lú omi tútù, kó kúnná kó sì hó sókè. Ìrẹsì lè rí hóró díẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi pò ó pọ̀. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó kan. Àwa tí a ń ṣe ògì mọ òórùn tí yóò jáde. Nínú ooru Èkó, tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tí yóò ti wú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú òtútù, ẹ gbé e sínú ààrò tí ẹ ò tan iná rẹ̀, gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ti tó.

Kí ẹ tó dà á, ẹ wọ́n omi sí páànù. Tó bá dún tó sì gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti tó. Ẹ la àlùbọ́sà sí méjì, ẹ ti ojú rẹ̀ bọ òróró, ẹ fi nu páànù. Ẹ da ṣíbí ìpọnbẹ̀ kan sáàárín, ẹ fi ìdí ṣíbí yí i láti inú wá sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá fẹ́lẹ́, kò pọn dandan kí ẹ yí i padà.

Urad yẹn náà la fi ń dín vada. Ẹni tó mọ àkàrà dín ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ má bu omi púpọ̀ sí i tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Ẹ lù ú kó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kán díẹ̀ sínú omi: tó bá léfòó, ó yá. Ẹ fi omi ra ọwọ́, ẹ ká a róbótó, ẹ fi àtàǹpàkò lu ihò sí i láàárín kí inú rẹ̀ lè jinná, ẹ jù ú sínú epo. Ìyàwó mi tà á fún àwọn ará àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n tún ń bi í bóyá ó kù.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù Íńdíà kankan. Bódìjà ni mo ti ń ra tèmi. Ẹ̀wà olóyin dúró fún dal, ata ilẹ̀ pupa tútù wà, kánáfùrù wà, ata ilẹ̀ wà. Kúmínì ni mo máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n mi rà bọ̀ láti Èkó. Ewé tí wọ́n ń tà fún wa gẹ́gẹ́ bí ewé kọ́rì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bá efinrin tan, kì í ṣe èyí tí Ìyá Ìbejì ń sọ. Mo máa ń fi í sílẹ̀.

Ohun tó yí obẹ̀ mi padà ni kajú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná, ẹ dà á sínú obẹ̀ tòmátì tó ti yọ epo sókè. Ó máa ń ki, ó sì ń dùn, ẹ ò ní wá wàrà.

Ẹ jọ̀wọ́, kọ́rì inú agolo tí a ń bù sí ìrẹsì nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ yan èròjà yín gbẹ fúnra yín, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Méjì péré ni tèmi, mo sì fẹ́ kí Ìyá Ìbejì kà á fún Táíwò.

Fítámìnì B12 kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú ewé. Ba ń rí tiwọn nínú wàrà, ọmọ yín ò ní rí i níbẹ̀. Kó máa lo oògùn rẹ̀, tàbí kó máa mu wàrà sóyà tí wọ́n ti fi í sí. Ẹ yẹ ara páálí rẹ̀ wò. Mo ti rí àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí abẹ́rẹ́ torí pé wọ́n fojú fò ó dá.

Ìkejì: ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fún sórí dal yẹn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin (iron) inú ẹ̀wà. Tíì ní tiẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Kó jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mu tíì.

Àbíkẹ́, Houston

Ṣé ẹ mọ̀ pé ejìnrìn wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ? Tiwọn gùn, ó sì tóbi ju ti ẹ̀yìnkùlé wa. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi iyọ̀ ra á, mo fi sílẹ̀ díẹ̀, mo fún omi kíkorò rẹ̀ dànù, mo dín in pẹ̀lú ata ilẹ̀ pupa, ata gbígbẹ àti ṣúgà pupa. Ó ṣì korò díẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè kan mà: ara ọkọ mi ò gba wíìtì. Ṣé ó lè jẹ hing yẹn?

Ìyá Ìbejì, Leicester

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun, mo ti kà á fún un, ó sì ti ra oògùn náà.

Àbíkẹ́, ó dáa tó o béèrè. Oje gbòǹgbò ewéko kan tó ń hù ní Afghanistan àti Iran ni hing, ó le, òórùn rẹ̀ sì lágbára, nítorí náà ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ ọn, wíìtì ló sì pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe wà. Ka ara agolo rẹ̀ kó o tó sanwó. Tó ò bá rí i, fi aáyù díẹ̀ sínú epo, ìyẹn náà á lọ.