Pizza ńlá kan àbí kékeré méjì?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Sátidé yìí làwọn ìbejì ń ṣọjọ́ ìbí, ọmọ mẹ́wàá ló ń bọ̀ nílé mi. Ṣọ́ọ̀bù pizza àdúgbò wa ń ta oní-ínṣì 10 ní £9, oní-12 ní £12, oní-16 ní £17. Wọ́n tún ní kí n mú oní-12 méjì ní £20. 12 méjì ṣáà jẹ́ 24, ó ju 16 lọ fíìfíì. Àbí mo ṣì í?

Bàbá Tíṣà, Òkè-Fìà, Òṣogbo:
O ṣì í, ọmọ mi. Ínṣì yẹn, láti etí kan dé etí kejì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n; ojú rẹ̀ lẹ máa jẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà báyìí, àtẹ ata méjì tí ìyàwó mi sá sóòrùn ló wà níwájú mi. Kékeré fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ńlá fẹ̀ tó méjì. Mo ní kí n dán an wò. Mo ń ṣa ata orí ńlá sórí kékeré ní ẹyọ ẹyọ, tó bá ti kún, mo dà á sápẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kún kí ti ńlá tó tán! Ohun róbótó tó bá fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń fẹ̀ sókè sódò náà ni.

Torí náà, 10 lọ́nà 10 ni 100, 12 lọ́nà 12 ni 144, 16 lọ́nà 16 ni 256. Wá fi owó pín in. Lórí pọ́n-ùn kan, oní-10 fún ọ ní 11 àti díẹ̀, oní-12 fún ọ ní 12, oní-16 fún ọ ní 15. Méjì tí wọ́n fi ń fa ojú rẹ mọ́ra jẹ́ 288, ìyẹn 14 àti díẹ̀. Kò burú, àmọ́ kò tó ti ńlá. 22 lórí 7 tí mo fi nà yín ní kíláàsì, fi í sílẹ̀. Róbótó ni gbogbo wọn, kò ní yí ìdáhùn padà.

Àbúrò Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má gbàgbé etí tó le, táwọn ọmọ máa ń jù sílẹ̀. Tó bá gba ínṣì kan yí po, oní-10 ku 8: 64 nínú 100 ló ní wàrà lórí. Oní-16 ku 14: 196 nínú 256, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ má ka ègé o! Níbí, wọ́n lè gé oní-12 sí 8, kí wọ́n tún gé oní-16 sí 8. Ègé ti ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì ti kékeré.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Háà, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ méjì nínú wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, torí náà oní-16 méjì ni, ọ̀kan á jẹ́ wàrà nìkan. £34. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé tiyín sílẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Òkè-Fìà, Òṣogbo:
Gé e sílẹ̀. Ìyá yín ti jáde, ó ń bi mí ta ló da ata òun sápẹ̀rẹ̀.