Ẹ gbà mí, onísísọ́ọ̀sì yìí ò jẹ́ kí n sinmi

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Èkó ló ra PlayStation àtijọ́, aláwọ̀ eérú yẹn, fún Tọ́ba nígbà tí wọ́n gba họ́lídè. Mo ní kí ló dé tí kò ra bàtà iléèwé, ó ní bàtà á gbó. Ó kó síídì mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ eré bọ́ọ̀lù àti ìjà, àfi ẹyọ kan tí wọ́n ń pè ní Clock Tower. Tọ́ba wò ó díẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, kò ṣe mọ́. Èmi ni mo wá ń ṣe é, torí owó ni wọ́n fi rà á.

Ẹ wò ó, àtàárọ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Àdìrẹ aṣọ ẹbí kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, ìyá ìyàwó ń pè mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó, bẹ́ẹ̀ ìdajì owó iṣẹ́ ni ó ṣì san. Tó bá dalẹ́ tí mo ní kí n fi geèmù najú, ìbínú ló ń kó bá mi. Ọmọbìnrin inú ẹ̀ kì í gbọ́ràn rárá. Mo tẹ iwájú, kò lọ. Ọfà kékeré kan ló ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wọ́ bí ìgbín. Tó bá dé ìdí ilẹ̀kùn, á kọjá ẹ̀. Kí n tó dá a padà, ọkùnrin onísísọ́ọ̀sì gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn ti dé, ṣà! ṣà! Ó parí. Èmi tí mo ń fi sísọ́ọ̀sì jẹun! Ọkọ mi á kàn máa rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Lánàá, iná tún lọ, ibi tí mo bá a dé nù. Ṣé kí n tà á ni? Ta ló ń ra irú ẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́?

Àkànní Ìbàrà:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ó ń ka síídì dáadáa? Irú èyí tó wà nílé wa nígbà yẹn, tí a ò bá dojú ẹ̀ dé, kì í ka nǹkan kan. Ike tó gbé ojú iná tó ń ka síídì ló máa ń jẹ nítorí ooru, ojú iná á wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ dojú ẹ̀ dé. Bàbá wa wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a bẹ́ẹ̀, wọ́n ní a ti bà á jẹ́. Wọ́n na gbogbo wa, títí kan ọmọ aládùúgbò tó wá wòran.

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Ó ń ka síídì. Ọ̀rọ̀ síídì kọ́ ni mo bá wá.

Bọ̀ọ̀dá Lafẹ́nwá:
Ìyá ọlọ́mọ, geèmù lóru! Aṣọ aláṣọ wà nílẹ̀. Ẹ lọ rán aṣọ ẹbí yẹn jàre, nǹkan ti bàjẹ́.

Sisí Kútọ̀:
Ta ló bi yín, bọ̀ọ̀dá? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ta ayò lábẹ́ igi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Tọ́ba, ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣé ẹ ò ní mẹ́mọ́rì káàdì, èyí tó máa ń pa ibi tí èèyàn bá geèmù dé mọ́?

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Ó wà. Àyè 15 ló wà nínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù Tọ́ba ló kún gbogbo ẹ̀. Tí mo bá pa ẹyọ kan rẹ́, ilé yìí ò ní gbà wá.

Ọ̀gá Síídì:
Mà, geèmù yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi páàdì darí ẹsẹ̀ ẹni inú ẹ̀. Human Entertainment ní Japan ló ṣe é, 1996 ló jáde lọ́dọ̀ wọn, 1997 ló dé Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe é bíi geèmù orí kọ̀ǹpútà: ẹ fi ọfà tọ́ka síbi tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì, ọmọ náà á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀. Tí onísísọ́ọ̀sì bá ká a mọ́, tí ọfà di pupa, àyà ẹ̀ ló ń já, ẹ máa gbá bọ́tìnì léraléra, ẹ má dáwọ́ dúró. Tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ wá ibi sápamọ́ sí, tàbí nǹkan tí ẹ lè fi lé e. Páàdì wo lẹ ń lò? Nínú obìnrin méjèèjì tí wọ́n ń fi ṣe é, Jennifer lẹ mú àbí Helen?

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Jennifer. Èmi ò sì ṣe é bó ṣe wù mí o, àbúrò mi kọ gbogbo ẹ̀ síwèé fún mi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n wá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, Laura, Anne àti Lotte, nínú ilé ńlá kan. Mi ò rí Laura kankan. Ìlú tí wọ́n ń pè ní Oslo ni mo wà.

Ọmọ Òkè-Ìlewó:
Háà! Ìwé geèmù mìíràn ló kọ fún yín. Laura, Anne àti Lotte wà nínú ti àkọ́kọ́, ti Super Famicom, ẹ̀rọ geèmù Nintendo, 1995. Tiyín ni ìkejì.

Àkànní Ìbàrà:
Irọ́ ni. Ti PlayStation ni àkọ́kọ́. Kò sí 2 lára páálí ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ìlewó:
Kò lè sí i, torí wọn ò gbé ti àkọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà nígbà náà. Clock Tower 2 ni wọ́n ń pè é ní Japan, wọ́n yọ nọ́ńbà ẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n gbé e kọjá òkun. Èmi ti parí ẹ̀ rí. Òpin 10 ló ní, márùn-ún fún Jennifer, márùn-ún fún Helen.

Àkànní Ìbàrà:
Ẹ parí ẹ̀, ẹ ò mọ páálí ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Lafẹ́nwá:
Àgbà méjì ń jà lórí páálí.

Ọ̀gá Síídì:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ìyá Tọ́ba, ẹ ya ìwé yẹn dànù. Ní ti ọfà tó ń wọ́, bọ́tìnì páàdì ò fi bẹ́ẹ̀ yára. Ohun tó máa gbà yín ni máòsì PlayStation fúnra ẹ̀. Sony ta á nígbà náà, ojú ihò tí wọ́n ń ki páàdì bọ̀ ni wọ́n ń kì í bọ̀, geèmù yìí sì gbà á. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti máa rí i ní Abẹ́òkúta yìí?

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Ṣé aláwọ̀ eérú, oníbọ́tìnì méjì, tí ẹnu okùn ẹ̀ fẹ̀ bíi ti páàdì?

Ọ̀gá Síídì:
Mà?

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Ó wà nínú àpò tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá. Ta ló bi mí léèrè ẹ̀? Ti kọ̀ǹpútà ni mo pè é, mo ní àbúrò mi ló ṣèèṣì kó o mọ́ ọn. Tọ́ba ló ń fi okùn ẹ̀ wọ́ ọ kiri pálọ̀, ó ní tírélà ni.

Sisí Kútọ̀:
Yéè! Ẹ̀rín á pa mí lónìí.

Ọ̀gá Síídì:
Ẹ dojú ẹ̀ dé, mà. Ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù kékeré nísàlẹ̀ ẹ̀?

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Ihò roboto ni mo rí.

Ọ̀gá Síídì:
Bọ́ọ̀lù yẹn ló ń gbé ọfà rìn. Láìsí i, kò ní ṣiṣẹ́. Ó wúwo díẹ̀, wọ́n fi rọ́bà bò ó lára.

Bọ̀ọ̀dá Lafẹ́nwá:
Ẹ wo abẹ́ àga. Abẹ́ àga ni gbogbo nǹkan ọmọdé máa ń wà. Ẹ wo abẹ́ fìríìjì náà.

Ìyá Tọ́ba, Ìtòkú:
Mo ti jí Tọ́ba lójú oorun. Ó ní òun fi ṣe pààrọ̀ bisikíìtì lọ́dọ̀ ọmọ àwọn tó ń gbé òkè ilé wa. Ẹ jọ̀ọ́, aago mọ́kànlá kọjá, ṣé èèyàn lè kan ilẹ̀kùn èèyàn nísinsìnyí?

Sisí Kútọ̀:
Ẹ kàn án! Ẹ ní ata tán nílé.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi:
Ẹ kú alẹ́ o. Mi ò ka gbogbo ẹ̀, ó ti gùn jù. Ṣé wọ́n ti dojú ẹ̀ dé?